Ẹrù Amúkùn-ún àti Iná Iwájú Mọ́tò

Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí wọ́n wí fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n yìí kò kúrò ní ọkàn wa láti òru ọjọ́ kan tí a wọ mọ́tò akẹ́rù kékeré kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi òru rìn kí ọjà yín má baà bàjẹ́, pé kí ẹ fún wa ní àyè díẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ nípa iná iwájú mọ́tò: ohun tí í mú un kú, àti bí a ti í wádìí ibi tí àrùn rẹ̀ gbé wà kí a tó náwó sí i.

Tòmátì àti ata tútù ni mọ́tò náà kó, ẹrù tí kò lè dúró de ọ̀sán. Ojú ọ̀nà àtijọ́ ni a gbà, níbi tí mọ́tò tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ gbé ń pàdé ara wọn lórí ọ̀dà kan ṣoṣo. Bí a ti jáde kúrò ní ìlú, a rí i pé iná apá òsì ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Dẹ́rẹ́bà dá mọ́tò dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú iná náà lẹ́ẹ̀mejì, iná sì tàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ má fòyà, ẹ̀gbọ́n, ó mọ ọwọ́ mi." A kò tíì rìn jìnnà tí iná náà fi kú, tí gbígbá kò sì ràn án mọ́. Dẹ́rẹ́bà ní kí a máa lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná ọ̀tún ṣì wà.

Ní ibi tí ọ̀nà gbé tẹ̀, tírélà kan yọ sí wa. Ẹni tí ń wà á rí iná kan ṣoṣo ní etí igbó, ó rò pé alùpùpù ni, ó sì gba àárín títì láìfòyà. Ọlọ́run nìkan ni ó yọ wá. Dẹ́rẹ́bà wa já sínú koríko, tírélà fọn fèrè kọjá, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́fà sì dà wó sínú ẹrẹ̀. Obìnrin tí ó ni ẹrù náà kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán. Ibẹ̀ ni a wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí ikú iná òsì fi burú ju ti ọ̀tún lọ. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni mọ́tò ní Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún ọ̀nà. Iná òsì ni ó wà ní ìhà àárín títì. Òun ni ó ń fi ibi tí ara mọ́tò dé han ẹni tí ń bọ̀. Bí òun bá kú, iná tí ó kù wà ní etí igbó, ẹni tí ń bọ̀ yóò sì rò pé òfìfo ni ibi tí odidi mọ́tò gbé wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní "ọ̀kan ṣì wà" kò tíì mọ ohun tí ó ń sọ.

Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́ ní òwúrọ̀, dẹ́rẹ́bà mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní: "Bàbá, ẹ bá mi fi gílóòbù tuntun sí i. Ìkẹta rè é láàárín oṣù kan. Gílóòbù ayé ìsinsìnyí kò lálòpẹ́ mọ́." Bàbá bi í pé: "Ọmọ mi, àwọn tí o yọ dà?" Dẹ́rẹ́bà mú méjì jáde láti inú àpótí iwájú mọ́tò, nítorí ó ti ń gbèrò láti lọ bá ẹni tí ó tà wọ́n fún un jà. Bàbá so wáyà méjì mọ́ bátìrì, ó fi wọ́n kan ẹsẹ̀ gílóòbù kìíní, ó tàn. Ó fi wọ́n kan ti èkejì, òun náà tàn yòò. Bàbá wò ó lójú, ó ní: "Alààyè méjì ni o ti sin."

Lẹ́yìn náà ni ó na ara rẹ̀ sílẹ̀, ó tọ wáyà dúdú kan láti ẹ̀yìn iná náà títí dé ibi tí a gbé fi nọ́ọ̀tì kan dè é mọ́ irin ara mọ́tò. Ìpáàrà ti bo nọ́ọ̀tì náà. Ó tú u, ó fi sáńpépà ha irin àti ẹnu wáyà títí wọ́n fi ń dán, ó dè é padà kí ó le, ó sì fi gíríìsì díẹ̀ ra á lórí kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ó dá gílóòbù àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀. Iná òsì tàn ju ti ọ̀tún lọ. Dẹ́rẹ́bà kò ra ohunkóhun. Owó iṣẹ́ nìkan ni ó san.

Kí ni bàbá náà mọ̀ tí dẹ́rẹ́bà kò mọ̀? Ó mọ̀ pé iná mànàmáná ní àlọ, ó sì ní àbọ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé owó tí ó lọ tí kò padà, òfò ni, kì í ṣe òwò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ iná rí. Ó ń jáde láti orí bátìrì tí a fi àmì + sí, ó ń gba inú fíúsì kọjá, ó ń gba súìṣì tí dẹ́rẹ́bà ń tẹ̀, tàbí rìlé tí í ṣe ọmọ-iṣẹ́ súìṣì, kí ó tó dé inú gílóòbù. Ní ibẹ̀ ni ó gbé mú okùn tín-ín-rín inú gílóòbù pọ́n títí yóò fi máa tan ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Ó ní láti gba wáyà mìíràn jáde, kí ó bọ́ sí irin ara mọ́tò, kí ó sì gba irin náà padà sí orí kejì bátìrì, èyí tí a fi àmì − sí. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni àwọn rìwáyà ń pè ní àátì. Bí àlọ bá dára tí àbọ̀ dí, gílóòbù kò ní tàn, bí ó ti wù kí ó jẹ́ tuntun tó.

Gbogbo ibi tí wáyà bá ti pàdé irin, tàbí tí wáyà bá ti pàdé wáyà, ẹnu ibodè ni. Nígbà láéláé, oníbodè a máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kí ó tó jẹ́ kí ó wọ ìlú. Bí ojúpò wáyà bá mọ́ tí ó sì le, oníbodè ibẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìpáàrà bá ti wọ ibẹ̀, tàbí tí ó bá ti dẹ̀, oníbodè ti jí. Yóò máa bù nínú agbára tí ń kọjá, èyí tí ó sì bù yóò di ooru. Ìdí nìyí tí ẹ fi í rí i pé ike ibi tí a ń ki ẹsẹ̀ gílóòbù sí a máa yọ́, a sì máa dúdú. Ohun tí ó yẹ kí ó di ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ti di iná lẹ́yìn gílóòbù.

Ẹ má ṣe rò pé owó ibodè yìí kéré. Bátìrì mọ́tò kékeré jẹ́ 12 fólítì. Bí 1 fólítì péré bá sọnù nínú 12 lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù olókùn a dín tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí 2 bá sọnù, ìmọ́lẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín dé ìdajì.

Ẹnì kan lè bi wá pé: bí ó bá jẹ́ pé àátì ni ó bàjẹ́, kí ni ó dé tí iná fi tàn nígbà tí dẹ́rẹ́bà fi gílóòbù tuntun sí i? Ìbéèrè rere ni. Nígbà tí a bá ń fa gílóòbù yọ tí a sì ń ti òmíràn wọlé, gbogbo wáyà ibẹ̀ ni í mì. Ìpáàrà a yà díẹ̀, iná a sì rí ọ̀nà gbà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó ra gílóòbù a rò pé gílóòbù ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kò mọ̀ pé mímì ni. Bákan náà ni ti iná tí a gbá tí ó tàn. Gílóòbù tí okùn inú rẹ̀ ti já kì í sábà jí nítorí ìgbátí. Ojúpò tí ó dẹ̀ ni í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ dẹ́rẹ́bà wa ti sọ òtítọ́ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ó kù kí a sọ bí ẹnikẹ́ni tí ó ní sùúrù ṣe lè wádìí fúnra rẹ̀.

Èkíní, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi ojú wò. Ṣé iná méjèèjì ni ó kú, tàbí ọ̀kan? Bí ilé méjì tí ń pọn omi nínú kànga kan náà bá ṣàìní omi ní ọjọ́ kan náà, kànga ni à ń lọ wò, kì í ṣe ìkòkò. Bí iná méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ohun tí wọ́n jọ ń lò: bátìrì, fíúsì àgbà, súìṣì àti rìlé. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ wo gílóòbù rẹ̀, fíúsì tirẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti àátì rẹ̀. Bí méjèèjì bá ń ṣe bàìbàì tí wọ́n sì ń mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ́ńjìnnì, bátìrì ni ebi ń pa, tàbí átánátọ̀ tí ń bọ́ ọ, tàbí bẹ́líìtì tí ń yí átánátọ̀ náà ti dẹ̀. Bí ẹ bá sì tan iná tí ń júwe ibi tí ẹ fẹ́ yà sí, tí iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí bá a ṣẹ́jú, àátì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí iná tí kò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà padà a máa wá ọ̀nà lọ sí ilé aládùúgbò.

Èkejì, ẹ pààrọ̀ gílóòbù ọ̀tún sí òsì, kí ẹ sì fi ti òsì sí ọ̀tún. Ìdánwò yìí kò gba kọ́bọ̀. Bí àrùn bá bá gílóòbù lọ sí apá kejì, gílóòbù ni ó ṣàìsàn. Bí àrùn bá dúró sí ibi tí ó wà, ẹ má ṣe ra gílóòbù. Ẹ kọ́kọ́ pa iná kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù, nítorí ooru rẹ̀ lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ lásán kan dígí rẹ̀. Òróró ọwọ́ ènìyàn a máa jó mọ́ dígí náà, a sì máa gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi dì í mú.

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ fíúsì wò. Bí irin inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a dọ́gba sí i. Bí ti tuntun bá tún já lójú kan náà, wáyà kan ti bó tí ó sì ń fi ara kan irin. Òun ni kí ẹ wá. Ní ti rìlé, ẹ tan iná kí ẹ sì tẹ́tí: bí ó bá dára, ẹ ó gbọ́ ohùn "tá" díẹ̀. Bí ohùn kò bá sí, ẹ wò ó bóyá rìlé fèrè mọ́tò bá a dọ́gba, kí ẹ sì fi í dán an wò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú gílóòbù kékeré kan tí ó ní wáyà méjì. Ẹ so wáyà kan mọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì −, ẹ tan iná mọ́tò, kí ẹ sì fi wáyà kejì kan ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná ń gbà wọlé. Bí gílóòbù kékeré yìí bá tàn, àlọ ṣí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé wáyà kìíní lọ sí orí tí ó ní àmì +, kí ẹ fi èkejì kan ihò àátì. Bí ó bá tàn, àbọ̀ ṣí. Bí kò bá tàn, ẹ ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ó gbà wá a.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ẹ̀tàn kan gbé wà, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ rìwáyà. Ọ̀nà tí ó lè gba ẹni tí ó ru agbọ̀n kékeré lè máà gba ẹni tí ó ru àpò ìrẹsì. Gílóòbù iwájú mọ́tò jẹ́ 55 tàbí 60 wáàtì, ó sì ń mu bíi áńpì 5. Gílóòbù àyẹ̀wò kò mu tó bẹ́ẹ̀, mítà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mu nǹkan kan. Nítorí náà mítà lè ka 12 fólítì lórí wáyà tí ìpáàrà ti jẹ títí ó fi ku fọ́nrán kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ òtítọ́ kí ó fi gílóòbù gan-an sí àyè rẹ̀, kí ó tan án, nígbà náà ni kí ó gbé ẹsẹ̀ mítà kan lé orí bátìrì tí ó ní àmì −, kí ó gbé èkejì lé ẹsẹ̀ àátì gílóòbù náà. Ohun tí mítà bá kà ni owó tí àwọn oníbodè ń gbà lójú ọ̀nà àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ 0.2 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹjọ́. Bí ó bá di 1 tàbí 2, ẹ lọ wá nọ́ọ̀tì tí ó dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe láti orí + dé ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé, ẹ ó sì mọ owó ojú ọ̀nà àlọ. Bí agbára bá dé ẹsẹ̀ gílóòbù pé, tí ojú ọ̀nà sì ṣókùnkùn síbẹ̀, ẹ wo ojú iná náà fúnra rẹ̀, bóyá ike rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn.

A kò gbọdọ̀ ṣàìsọ nípa ìwà ibi méjì. Àwọn kan a máa fi bébà dídán inú páálí sìgá dí ojú fíúsì tí ó já, tàbí kí wọ́n fi wáyà nípọn-nípọn sí i. Fíúsì ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kú kí mọ́tò má baà jóná. Ẹni tí ó lé olùṣọ́ lọ kò lè dá olè lẹ́bi. Àwọn mìíràn a ní iná wọn kò mọ́lẹ̀ tó, wọn a sì ra gílóòbù 100 wáàtì. Agbára tí ó ń gba inú wáyà kọjá á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Wáyà tí a ṣe fún 55 a gbóná, sọ́kẹ́ẹ̀tì a yọ́, oníbodè kan ṣoṣo a sì di mẹ́ta. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé 24 fólítì ni ọ̀pọ̀ tírélà ń lò, nítorí náà gílóòbù wọn kì í ṣe ti mọ́tò kékeré. Ní ti àwọn mọ́tò ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí iná wọn, ẹ má ṣe fi gílóòbù àyẹ̀wò gún wáyà wọn kiri. Àwọn iná kan tí ń tàn bí búlúù, tí à ń pè ní xenon, a máa lo agbára tí ó ju 20,000 fólítì lọ nígbà tí wọ́n bá ń tàn. Ìyẹn lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbé e fún. Bí ẹ bá sì ń ra odidi iná tòkunbọ̀, ẹ bèèrè ibi tí ó ti wá. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, òsì ni mọ́tò ń gbà, iná wọn sì ń na ojú sí ìhà òsì. Bí a bá gbé e síhìn-ín, ojú ẹni tí ń bọ̀ gan-an ni yóò máa gún.

Dẹ́rẹ́bà lè wí pé èrò ń dúró, ọjà ń bàjẹ́, kò sí àyè àyẹ̀wò. A gbọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá Ọ̀yọ́ kò pẹ́ tó àkókò tí a fi jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí iná mọ́tò rẹ̀ kò tàn. Ìtanràn tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń gbà ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọlọ́jà, kí ẹ tó kó ẹrù sínú mọ́tò ní àṣálẹ́, ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kí ó tan iná, kí ẹ sì dúró níwájú rẹ̀ wò ó. Bí ojú kan bá ń ṣẹ́jú, ẹ má ṣe gbà kí ó gbá a létí kí ó sì máa lọ. Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe àmín sí àdúrà yìí, tí ó sì fi iná kan jáde ní òru, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń gbé oúnjẹ ka iwájú ọ̀nà.